Ta Ló Gbé Wi-Fi Yìí Wọ Ọ́fíìsì?

Ẹ mú fóònù yín jáde ní ọ́fíìsì, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Wi-Fi sí, kí ẹ wo àwọn orúkọ tó máa tò wálẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ ti ọ́fíìsì gan-an. Òmíràn lè jẹ́ ti ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Wi-Fi Zone ní òdìkejì títì. Ẹ̀kẹta lè jẹ́ ti akọ̀wé tó ń fi fóònù rẹ̀ pín dátà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ńkọ́? Bí gbogbo ilé bá wo ara wọn lójú tí kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ni ín, iṣẹ́ ti dé nìyẹn.

Ìjọba ìbílẹ̀ Bassila, tí wọ́n ń pè ní kọ́múùnù lọ́hùn-ún, wà ní ẹ̀ka Donga ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Togo. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 5,661 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2013 sì jẹ́ 130,091. Ó pín sí àgbègbè mẹ́rin: Bassila fúnra rẹ̀, Manigri, Pénéssoulou àti Alédjo. Èdè Anii ni àwọn onílùú ń sọ ní Bassila. Ní Manigri, ẹ̀ka èdè tiwa ni, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń sọ ní Kambolé ní ilẹ̀ Togo. Iṣu àti kajú ni wọ́n fi mọ àdúgbò náà. Bí wọ́n bá dárúkọ ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló rọrùn jù láti ti ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Láàárín Cotonou tàbí ní Ìkẹjà, orúkọ Wi-Fi tó máa yọ lójú fóònù pọ̀ débi pé ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ ẹni tó ń kà á, ìdajì wọn á sì ti yí padà lọ́la. Ní ọ́fíìsì àgbègbè kan ní Manigri, èèyàn lè ka gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run tán kó tó mu ẹ̀kọ àárọ̀. Ibi tí orúkọ kò bá tíì pọ̀ ni àlejò ti máa ń hàn. Ọ́fíìsì kékeré ní àǹfààní tí ọ́fíìsì ńlá ń fi owó gọbọi wá, ìyẹn ni pé ó lè mọ gbogbo ohun tó yí i ká ní orúkọ. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀.

Ìdí sì wà tí kò fi yẹ kó pẹ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Benin ti ṣí ojúlé service-public.bj, kí aráàlú lè máa gba ìwé àti àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ fóònù Celtiis bọ́ sọ́jà, ó di ẹ̀kẹta MTN àti Moov. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Starlink, tó ń ti sátẹ́láìtì fa íntánẹ́ẹ̀tì wá, dé. Nígbà kan, ọ́fíìsì nìkan ló lè fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Lónìí, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè ra ẹ̀rọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kó kì í bọ àpò, kó sì dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ìjọba kí ọ̀gá tó dé.

Ẹ̀rọ mẹ́rin, ewu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀rọ Wi-Fi àìgbàṣẹ ni ẹ̀rọ yòówù tó ń tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ọ́fíìsì tàbí létí rẹ̀, tí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì pa wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn á ṣẹ aláìṣẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí òṣìṣẹ́ rà lọ́jà, tó fi wáyà so mọ́ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lára ògiri. Ó fẹ́ kí Wi-Fi dé yàrá òun, tàbí kí fóònù òun náà jẹ nínú íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n páswọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ló fi sílẹ̀, tàbí kó má tilẹ̀ fi páswọ́ọ̀dù kankan sí i. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà ti di ará ilé. Ó lè dé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó lè dé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó orúkọ àwọn ọmọ tuntun sí, láìfẹsẹ̀ tẹ ìloro. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ni ògiri tó lanu, ẹni inú ilé ló sì là á.

Èkejì kò fara kan wáyà ọ́fíìsì rárá. Fóònù tó ń pín dátà ni, tàbí módẹ́ẹ̀mù àpò, tàbí Starlink aládàáni. Ewu ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà iṣẹ́ tí wáyà ọ́fíìsì ṣì wà lára rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ wá so mọ́ Wi-Fi àjèjì yìí nítorí pé ó yá jù. Kọ̀ǹpútà náà dúró sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìdènà tí ọ́fíìsì fi owó ṣe ni yóò gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bí kòkòrò kọ̀ǹpútà bá ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kò ní ṣòro fún un láti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀tá gidi. Ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ wá sítòsí, á sì fún un ní orúkọ tó bá ti ọ́fíìsì mu láìku lẹ́tà kan. Fóònù àti kọ̀ǹpútà máa ń rántí orúkọ tí wọ́n ti lò rí, wọ́n sì sábà máa ń yan èyí tó bá lágbára jù nínú àwọn tó jẹ́ orúkọ kan náà. Bí òṣìṣẹ́ bá ti bọ́ sọ́hùn-ún, ojú ìwé kan á yọ sí i pé kó tún páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ. Bó bá kọ ọ́, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti aládùúgbò: ilé ìwòsàn, ilé ìwé, olùra kajú, oníṣòwò Wi-Fi Zone. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, torí ẹni tí kò bá mọ aládùúgbò rẹ̀ máa ń pe gbogbo àlejò ní olè.

Ohun tí ayé ti rí

Ní ọdún 2005, àwọn ọ̀daràn kan jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù Marshalls kan ní ìlú Miami, ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. WEP ni Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù náà ń lò láti fi dáàbò bo ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn láti ọdún 2001 pé WEP kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé kọ̀ǹpútà àgbà ti TJX, ilé iṣẹ́ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta ní ọdún 2007, TJX fúnra rẹ̀ sọ pé nọ́ńbà káàdì ìsanwó mílíọ̀nù 45.7 ló ti bá a lọ. Albert Gonzalez tó ṣe olórí wọn gba ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ní ọdún 2010. Wi-Fi tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí ni èyí o. Bí èyí tí ọ̀gá mọ̀ bá lè ṣe báyìí, ẹ wá ro ti èyí tí kò mọ̀. Lónìí, òfin tí àwọn ilé iṣẹ́ káàdì ìsanwó gbé kalẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń gba káàdì ni pé kó wá ẹ̀rọ Wi-Fi àìgbàṣẹ káàkiri ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ìjọba Netherlands lé àwọn ará Rọ́ṣíà mẹ́rin kúrò nílùú. Ọkọ̀ tí wọ́n háyà ni wọ́n gbé sí ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan ní The Hague, tí ìdí rẹ̀ kọjú sí ilé OPCW, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìfòfindè ohun ìjà olóró. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdí ọkọ̀, ẹ̀rọ Wi-Fi, bátìrì àti kọ̀ǹpútà ló kún ibẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wù bo ẹ̀rọ tó ń fa ìtànṣán mọ́lẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá má baà rí i. Ẹni tó ń bọ̀ láti ibi jíjìn pàápàá ní láti sún mọ́ ògiri kó tó lè jà lójú Wi-Fi. Ohun tó wà nítòsí ni à ń ṣọ́.

Ẹnikẹ́ni kò ní rìnrìn àjò láti Moscow nítorí mérì Bassila, ìyẹn ọ́fíìsì kọ́múùnù náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ: ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, owó orí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn aráàlú. Ẹni tó bá fẹ́ ayédèrú ìwé ìbí tàbí tó fẹ́ yí orúkọ padà lórí ìwé ilẹ̀ kò nílò ọkọ̀ tó kún fún ẹ̀rọ. Ihò kékeré kan tó o. Òfin Benin mọ èyí. Òfin 2017-20 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2018, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Code du numérique, di ẹrù ìpamọ́ ìsọfúnni aráàlú lé ẹni tó ń kó o jọ lórí. APDP ni àjọ tó ń bójú tó o. Òfin kan náà ló sọ pé ọ̀daràn ni ẹni tó bá wọ inú kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tirẹ̀ láìgbàṣẹ. A óò tún padà sórí ìyẹn, nítorí ó kan ẹni tó ń ṣọ́dẹ náà.

Ìwé kan kọ́kọ́ ni

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ ìṣọ́dẹ, ìwé àjákọ ni kó rà. Kó kọ gbogbo ẹ̀rọ Wi-Fi tí ọ́fíìsì fọwọ́ sí sínú rẹ̀: orúkọ tó ń tàn, yàrá tó wà, ihò wáyà tó so mọ́, ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀, ẹni tó gbé e. Kó wá kọ ohun kan tí kò ṣeé yọ sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀rọ.

Orúkọ Wi-Fi, ẹnikẹ́ni lè sọ ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀rọ ni lẹ́tà àti òǹkà méjìlá tí wọ́n tò ní méjì-méjì, irú bíi 50:C7:BF àti mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, torí àjọ IEEE ló ń pín wọn fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àkójọ rẹ̀ sì wà ní gbangba. Bí gbogbo ẹ̀rọ ọ́fíìsì bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan, tí orúkọ ọ́fíìsì wá yọ pẹ̀lú nọ́ńbà ilé iṣẹ́ mìíràn, ìyẹn kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Àmì kejì wà lára nọ́ńbà náà: bí ohun kejì nínú rẹ̀ bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, wọ́n ṣe nọ́ńbà náà lọ́wọ́ ni, kò ti ilé iṣẹ́ wá. Fóònù tó ń pín dátà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ gidi tó ń tan orúkọ tó ju ọ̀kan lọ náà máa ń ṣe é, nítorí náà kí a má fi àmì yìí nìkan dá ẹjọ́.

Apá kejì ìwé náà ni ti àwọn aládùúgbò. Ní Bassila àti Manigri, èèyàn lè rìn lọ bá wọn, kó kí wọn, kó béèrè orúkọ Wi-Fi wọn. Ọjọ́ kan ló máa gbà. Lẹ́yìn náà, orúkọ yòówù tí kò bá sí ní apá méjèèjì ni ohun tí à ń wá.

Rírìn pẹ̀lú fóònù

Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú tó. Ètò kan bíi WiFi Analyzer tàbí WiFiman á fi orúkọ, nọ́ńbà ẹ̀rọ, ọ̀nà ìtànṣán àti agbára rẹ̀ hàn. Agbára yẹn ni ohun tó máa fà wá dé ìdí ọ̀rọ̀. dBm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òǹkà òdì sì ni. Lẹ́bàá ẹ̀rọ gan-an, ó lè jẹ́ -30. Ní yàrá kejì, ó lè di -60. Níbi tó bá ti wálẹ̀ ju -80 lọ, fóònù kò ní rí i lò dáadáa. Bó bá fi 3 péré wálẹ̀, agbára rẹ̀ ti dín sí ìdajì nìyẹn.

Ká ní orúkọ tí a kò mọ̀ yọ ní ẹnu ọ̀nà mérì, tó ń ka -74. A wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di -66. A dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn tó ń kọ ìwé ìbí, ó di -51. A dúró láàárín yàrá náà, a kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ó já wálẹ̀ sí -58. A kọjú sí fèrèsé, ó gòkè padà sí -47. Omi ara èèyàn máa ń dí ìtànṣán lọ́nà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tí a kọjú sí tí agbára fi gòkè ni ẹ̀rọ náà wà. A rìn lọ sí fèrèsé, -39. A tẹ̀ ba, a wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù: àpótí funfun kékeré kan wà níbẹ̀ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, wáyà rẹ̀ sì wọ ihò ògiri lọ. Irú ìrìn yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń tan ẹni tó ń rìn jẹ. Láti Android 9 ni fóònù kì í ti í jẹ́ kí ètò kan wo Wi-Fi ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ìṣẹ́jú méjì, nítorí náà ẹni tó bá ń sáré á máa ka òǹkà àná. Kó dúró níbì kọ̀ọ̀kan kí fóònù tún wò. Fóònù tó pọ́ọ́kú gan-an lè má rí Wi-Fi tó wà lórí 5 GHz rárá, 2.4 GHz nìkan ló mọ̀. Kó yá fóònù tó rí méjèèjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò dákẹ́ o, nọ́ńbà rẹ̀ á ṣì yọ pẹ̀lú àyè òfìfo níbi orúkọ. Òrùlé páànù náà máa ń dá ìtànṣán padà, tí agbára á fi dàbí ẹni pé ó ti ibòmíràn wá. Àkókò sì ṣe kókó: ẹ̀rọ tí ẹnì kan ń tan lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kò ní yọ sí ẹni tó ń rìn láago mẹ́wàá àárọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ dípò òun lè lo Kismet. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi lè gbé e. Kì í sọ̀rọ̀ rárá, etí nìkan ló ń fi gbọ́. Yóò kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ tọ̀sán tòru, pẹ̀lú aago tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dé àti aago tó lọ. Ẹni tó bá ń tan ti rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wáyà kì í parọ́

Afẹ́fẹ́ lè sọ pé àlejò wà nítòsí. Bóyá àlejò náà ti wọlé, wáyà ló mọ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ ká wò ni àkójọ tó wà nínú ráúta ọ́fíìsì, níbi tó ń kọ orúkọ gbogbo ohun tó ti fún ní àdírẹ́sì. Bí a bá mọ̀ pé kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ló wà nílé, tí ráúta wá ka ohun mẹ́rìndínlógún, márùn-ún ni àlejò. Nọ́ńbà ẹ̀rọ wọn á sọ irú ohun tí wọ́n jẹ́. Kí a rántí pé láti Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ní 2020, fóònù máa ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, nítorí náà fóònù kan lè fara hàn bíi méjì.

Ibi kejì ni switch, àpótí tí gbogbo wáyà pàdé sí. Èyí tó bá ṣeé wo inú rẹ̀ máa ń sọ iye nọ́ńbà ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò tí kọ̀ǹpútà kan so mọ́ gbọ́dọ̀ ka ọ̀kan. Bó bá ka mẹ́fà, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń kó àwọn mìíràn wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ rà lè gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè fi gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ nọ́ńbà tirẹ̀ kan ṣoṣo. Àmì mìíràn ló máa tú u. Gbogbo ìsọfúnni tó ń jáde láti kọ̀ǹpútà máa ń gbé òǹkà kan dání: 128 ni ti Windows, 64 ni ti Android àti Linux. Ráúta kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá á yọ ọ̀kan kúrò. Nínú ilé kan tí kò sí ráúta mìíràn láàárín, bí ìsọfúnni bá dé pẹ̀lú 127 tàbí 63, ẹnì kan ti gbà á kó tó fi ránṣẹ́.

Nígbà mìíràn, àlejò á fúnra rẹ̀ kéde. Òṣìṣẹ́ á fi wáyà sí ihò tí kò tọ́ lára ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì fún gbogbo ilé, bíi 192.168.0 tàbí 192.168.1 tó bá ilé ìṣẹ̀dá rẹ̀ wá. Ìdajì kọ̀ǹpútà á sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Gbogbo èèyàn á máa bú Celtiis tàbí MTN, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fa wàhálà wà nínú yàrá, tí ń fi fóònù rẹ̀ wo fídíò.

Tí a bá rí orúkọ kan lójú afẹ́fẹ́ tí a sì rí nọ́ńbà kan lórí wáyà, báwo la ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ kan náà ni? Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Ojú Wi-Fi àti ojú wáyà ẹ̀rọ kan sábà máa ń yàtọ̀ síra pẹ̀lú òǹkà ìparí nìkan: ọ̀kan á parí sí 4A, èkejì á parí sí 4B. Bí nọ́ńbà ojú wáyà kò bá jọ ohun tó wà lójú afẹ́fẹ́ rárá, bóyá ti aládùúgbò ni. Kí ẹ lọ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà.

Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́

Ohun méjì ló máa ń wá sọ́kàn ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ àìgbàṣẹ. Àkọ́kọ́ ni kó wọ inú rẹ̀ lọ kó wo ohun tó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti aládùúgbò, òfin Benin tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti mú un. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì nìkan ló ní àṣẹ lé lórí.

Èkejì ni kó fi ẹ̀rọ dí Wi-Fi àjèjì náà lọ́nà kó má lè ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ ńlá kan ní irú agbára yìí, wọ́n á máa rán ọ̀rọ̀ ayédèrú sí fóònù àwọn èèyàn pé kí wọ́n kúrò lórí Wi-Fi náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Marriott gbà láti san owó ìtanràn 600,000 dọ́là fún àjọ FCC ní Amẹ́ríkà, nítorí pé òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan ní Nashville fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ já Wi-Fi fóònù àwọn àlejò tirẹ̀, nígbà tó ń ta Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì fún wọn ní 250 dọ́là sókè lórí ẹ̀rọ kan. Ẹni tó ń ṣọ́lé kò ní àṣẹ lórí afẹ́fẹ́ ẹlòmíràn.

Ohun tó yẹ kò le. Ya àwòrán ẹ̀rọ náà níbi tó wà, pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti aago sílẹ̀. Pa ihò wáyà náà lórí switch dípò kí o já iná ẹ̀rọ náà, kí ẹ̀rọ má baà gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, béèrè. Bó bá jẹ́ ti òṣìṣẹ́, á sọ. Bí kò bá sí ẹni tó jẹ́wọ́, tí orúkọ ọ́fíìsì sì wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ọ́fíìsì: bjCSIRT, ẹ̀ka ìjọba Benin tó ń dáhùn sí ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, wà fún irú rẹ̀, CNIN, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí, sì ni ọ̀ràn kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló mú wọn gbé e wá?

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ẹ̀rọ kúrò, ọ̀gá sábà máa ń kọ ìwé ìkìlọ̀, ó sì rò pé ó parí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, òmíràn á tún yọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé ìkìlọ̀ kò mú Wi-Fi dé yàrá tó wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá, èsì wọn á jọ ara wọn: "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ojúlé yẹn kì í ṣí lórí kọ̀ǹpútà mi, àwọn èèyàn sì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Òun gan-an ló mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ọ̀gá tó gbọ́n á fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé àjákọ, á ra ẹ̀rọ kan tí ọ́fíìsì fọwọ́ sí fún yàrá náà, á tún ya Wi-Fi ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún fóònù òṣìṣẹ́ àti àlejò, tí kò ní lè rí kọ̀ǹpútà ìwé ìbí rárá. Ẹni tó bá ti rí omi mu nílé kì í gbẹ́ kànga ní kọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdènà á wá wúlò. Pa gbogbo ihò wáyà tí ẹnikẹ́ni kò lò. Sọ fún switch pé kọ̀ǹpútà kan péré ni kó gbà ní ihò kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kó kọ̀ láti gba àdírẹ́sì tó bá ti ibòmíràn yàtọ̀ sí ráúta ọ́fíìsì wá. Fi WPA2 tàbí WPA3 dáàbò bo Wi-Fi. Ibi tí apá bá ká a, 802.1X wà, èyí tí kì í jẹ́ kí ihò wáyà ṣiṣẹ́ àfi bí ẹni tó so mọ́ ọn bá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú switch tí ọ́fíìsì ti rà, kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ni.

Ní àdúgbò Bassila, àsìkò kajú ló dára láti fi ṣe ìdíwọ̀n. Láti oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni olùra àti awakọ̀ máa ń wọlé, tí wọ́n ń gbé fóònù àti módẹ́ẹ̀mù wọn bọ̀. Kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì rìn pẹ̀lú fóònù rẹ̀ ní oṣù kìíní kí wọ́n tó dé, kó rìn nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, kó tún rìn ní oṣù kẹfà tí wọ́n bá lọ. Orúkọ tó bá yọ láàárín méjèèjì tó sì lọ, àlejò ọjà ni. Èyí tó bá yọ tí kò lọ, tó sì ń ka -50 nínú ọgbà, òun ni kó tẹ̀ lé dé ìdí.

Iṣẹ́ yìí kò nílò ọ̀mọ̀wé láti Cotonou. Ó nílò òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n fún ní àṣẹ, fóònù kan tó rí 5 GHz, àti ìwé àjákọ tí ọ̀gá ń bu ọwọ́ lù ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ́fíìsì tó bá ti mọ tirẹ̀ mọ ti aládùúgbò nísinsìnyí, nígbà tí orúkọ Wi-Fi ìlú ṣì ṣeé kà, kò ní máa wá ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Starlink bá wà lórí gbogbo òrùlé.